Lórí "ìsọ̀rọ̀ ní gbangba": àwíyé ni mo fara mọ́

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ará mi. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bi wá léèrè ń kọ́ communication àti public speaking ní yunifásítì, ó sì fẹ́ mọ orúkọ tí yóò máa pè wọ́n bó bá ń ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn òbí rẹ̀ ní Òṣogbo. Ẹ̀gbọ́n wa ará Ìbàdàn ní kó pe ti àkọ́kọ́ ní ìbánisọ̀rọ̀, kó pe ìkejì ní ìsọ̀rọ̀ ní gbangba. Àǹtí olùkọ́ ní ìbánisọ̀rọ̀ nìkan ti tó fún méjèèjì. Òṣogbo níbí ni mo wà, ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, gbangba yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Létí tiwa, òdìkejì kọ̀rọ̀ ni gbangba. Ìyá tó dúró ní Ọjà Ọba tó ń ka orúkọ ẹni tó jẹ ẹ́ lówó sí gbogbo ayé létí, gbangba ló ti sọ̀rọ̀, kò sì sí olùkọ́ tó máa fún un ní máàkì. Ẹni tó ń bá ogún ènìyàn sọ̀rọ̀ nínú yàrá tí wọ́n tilẹ̀kùn rẹ̀ ńkọ́? Public speaking ló ń ṣe, kò sì sí gbangba kankan níbẹ̀. Ohun tó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n péjọ láti gbọ́ ọ, òun náà sì mọ ohun tó bá wá: bóyá ó fẹ́ là wọ́n lọ́yẹ̀ ni, bóyá ó fẹ́ yí wọn lọ́kàn padà, bóyá ó kàn fẹ́ dá wọn lára yá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, "ìsọ̀rọ̀ ní gbangba" kì í bímọ, a ò lè fa ọ̀rọ̀ mìíràn yọ lára rẹ̀. Kí la ó pe ẹni tó ń ṣe é? Olùsọ̀rọ̀-ní-gbangba? Ẹ fi pe ènìyàn wá sórí pèpéle wò.

Àwíyé ni tèmi. Gbogbo wa la ṣe àkàyé níléèwé, a sì mọ àgbọ́yé. Ohun tí a kà tó gbọ́dọ̀ yéni, ohun tí a gbọ́ tó gbọ́dọ̀ yéni. Àwíyé wá jẹ́ ohun tí a wí kó lè yé àwọn tó ń gbọ́. Ẹ sì wo bó ṣe ń bímọ: àwíyé tí ohùn ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, awíyé tí ohùn àárín bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni ẹni tó ń sọ ọ́, bí akọ̀wé, bí apẹja. Kò ṣàjèjì sí ará Òṣogbo. Ilé Awíyé ni wọ́n ń pe ọgbà rédíò àti tẹlifíṣọ̀n OSBC ní Òkè-Baálẹ̀, àwọn àgbà sì ti ń wí tipẹ́ pé àwíyé ni Ifẹ̀ ń fọ̀. Ẹlòmíràn á ní bí kò bá yé wọn ńkọ́. Ọmọ tó gba òdo nínú àkàyé, ṣebí àkàyé náà ló ṣe. (Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí ẹnìkan dábàá, iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe ètò lórí rédíò ni, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún wọn.)

Àǹtí, ẹ ní ọmọ ìyá kan náà ni communication àti public speaking. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ẹ wo ìtàn wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1914, ní Chicago, olùkọ́ 17 ya kúrò lára ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́ni ní public speaking. Ẹgbẹ́ náà pààrọ̀ orúkọ léraléra. Ó di 1970 kí communication tó wọ inú orúkọ rẹ̀, ní 1997 ló sì di National Communication Association. Síbẹ̀, kọ́ọ̀sì public speaking ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn. Nílé wa níbí, NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, ti pín Mass Communication sí ẹ̀ka méje. Bí ìmọ̀ bá ń pín, tí orúkọ kò pín, akẹ́kọ̀ọ́ ló ń jìyà rẹ̀.

Mi ò bá ìbánisọ̀rọ̀ jà fún communication, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó há díẹ̀. Ẹni tó fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí olólùfẹ́ rẹ̀ kò sọ ọ̀rọ̀ kankan, àrokò yẹn sì yé ẹni tó gbà á. Ṣùgbọ́n ará ìlú ti mọ̀ ọ́n. Kí ọmọ náà ṣáà fi "ìmọ̀" síwájú rẹ̀, torí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ni fóònù. Bí bàbá rẹ̀ bá ní ọmọ òun ń kọ́ ìbánisọ̀rọ̀, àwọn aládùúgbò á kó fóònù tó bàjẹ́ wá.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni ọ̀nà mẹ́rin tí wọ́n fi ń kọ́ni bí a ṣe ń gbé àwíyé kalẹ̀. Mẹ́ta rọrùn. Gómìnà tó ń ka àbá ìsúná níwájú àwọn aṣòfin, inú ìwé ló ti ń kà á. Ọmọ awo tó ń ki ẹsẹ Ifá, àkọ́sórí ni. Wọ́n gbé máìkì fún ọ níbi ìsọmọlórúkọ láìsọ fún ọ tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ òjijì nìyẹn, ohun tí wọ́n ń pè ní impromptu. Ìkẹrin ni extemporaneous, tí ọ̀pọ̀ elédè Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ń pa pọ̀ mọ́ impromptu. Ẹ wo alága ìdúró níbi ìdána: ó ti mọ ètò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ti mọ orin tó máa dá àti ibi tí àwọn ọkọ ìyàwó ti máa dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n kò ka ìwé, kò sì há ọ̀rọ̀ kankan sórí, ojú àwọn àna tó wà níwájú rẹ̀ ló fi ń yan ohun tó máa sọ. Àmúrasọ ni mo fẹ́ ká pè é. Ó múra, ó wá sọ ọ́.

Ó ku feedback, ìyẹn ohun tí àwọn tó ń gbọ́ fi ń dá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lóhùn. Èsì ni mo rò, nítorí rédíò tí wọ́n pè ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Awíyé ń gbèsì ní tirẹ̀, ìbáà ṣe orí tí wọ́n ń mì, ìbáà ṣe yíyán. Mo mọ̀ pé Àǹtí á ní èsì ìdánwò ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun máa gbọ́. Bí ẹ bá ní èyí tó dára jù ú, ẹ gbé e wá.