Ọ́ìlì wo ló yẹ kí n dà sínú máṣíìnì mi lásìkò ọyẹ́ yìí?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn. Kubwa ni mo ń gbé, Bwari ni mo ti ń tajà. Máṣíìnì 100cc ni mo ń gùn lọ gùn bọ̀, pẹ̀lú ẹrù aṣọ lẹ́yìn.

Lóṣù tó kọjá, mẹkáníìkì kan da ọ́ìlì mọ́tò 10W-30 (nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó) sí i. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń gun òkè, ẹ́ńjìnnì á máa han gooro, ṣùgbọ́n máṣíìnì ò ní sáré. Clutch, ìyẹn ohun tó ń so agbára ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà, ń yọ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kan náà ni clutch máṣíìnì ń wẹ̀, pé èyí tí wọ́n kọ JASO MA, àmì ọ́ìlì tó wà fún irú clutch bẹ́ẹ̀, sí lára ike ló bá a mu. Ó dùn mí gan-an.

Ṣé 20W-50 ni kí n rà ni, àbí 10W-40? Bí mo bá da ti inú rẹ̀ nù, ṣé clutch á padà bọ̀ sípò, àbí àwọn pléètì rẹ̀ ti jó? Mo gbọn fílítà afẹ́fẹ́ lánàá, eruku bò mí lójú. Ṣéènì ń kọ́? Gírísì tí mo fi sí i, iyanrìn ló ń gbá mọ́ra. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gùn ní Zuba àti Gwagwalada, kí lẹ̀ ń lò?