Òkè tó ṣídìí: kí ni ká máa pè é?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú làálàá èdè. Àbá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá ni pé ká pe ohun tó ba ọ̀nà etíkun Devil's Slide jẹ́, ní Kalifọ́níà (landslide lédè Òyìnbó), ní “òkè wíwó”, ká sì pe ohun tí wọ́n gbẹ́ rọ́pò ọ̀nà náà (tunnel) ní “ọ̀nà abẹ́lẹ̀”. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò lè gbà méjèèjì.

Ohun tó bá wó, wéré ló ń wó: ògiri wó, igi wó. Ti Devil's Slide kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà náà ní 1937 ni ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti ń rọra forí lé òkun, tí ọ̀dà ń sán, títí òjò ńlá á fi dé, tí wọ́n á ti ọ̀nà pa fún oṣù mélòó kan. Ó ṣẹlẹ̀ ní 1995, ó tún ṣẹlẹ̀ ní 2006. Omi òjò á rin ilẹ̀, ilẹ̀ á wúwo, ìdìmú rẹ̀ á dẹ̀, ìgbì òkun náà á sì máa jẹ ẹsẹ̀ òkè láti ìsàlẹ̀. Ẹlòmíràn ní ká lo “ilẹ̀ yíyọ̀”. Bí mo bá sọ fún ọmọdé pé ilẹ̀ ń yọ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló máa wò kó má baà ṣubú. Kò ní gbójú sókè wo òkè.

“Ṣídìí” ló tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tí wọ́n ní kó dìde tó kọ̀, a ní kò ṣídìí. Òkè yìí ṣídìí ní tirẹ̀. “Ìṣídìí òkè” gba èyí tó ń rọra rìn, ó sì gba èyí tó ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

“Ọ̀nà abẹ́lẹ̀” ńkọ́? Lẹ́nu wa, ohun tí a bá ṣe lábẹ́lẹ̀, a fi pa mọ́ ni. Ọkọ̀ kò tilẹ̀ sọ̀kalẹ̀ síbì kankan níbẹ̀: ó gba ẹ̀gbẹ́ òkè wọlé, ó yọ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ihò méjì ni, ọ̀kan fún àlọ, ọ̀kan fún àbọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ní kìlómítà 1, wọ́n sì ṣí wọn ní oṣù kẹta 2013. Mo kọ́kọ́ ro “ọ̀nà ìlàjá”, bí a ṣe ń la igbó já, ṣùgbọ́n ohun tí a bá là ti pín sí méjì. Èyí gan-an ni àwọn ará ibẹ̀ kò fẹ́: ní 1996 ni wọ́n dìbò pé ihò làwọn ń fẹ́, dípò títì tí wọn ìbá fi la òkè Montara kọjá. Irin tó wọ igi tó sì yọ sí òdìkejì, a ní ó lu igi já, igi náà sì wà lódindi. “Ọ̀nà ìlujá” ni mo dábàá.

Afárá kò nílò ọ̀rọ̀ tuntun. Lóòótọ́, èyí tí wọ́n ṣí ní erékùṣù Réunion ní 2022, tó gùn ju kìlómítà 5 lọ, kò sọdá omi kankan; ó ń bá etíkun lọ nínú òkun ni, kí ọkọ̀ lè jìnnà sí òkúta tó ń já bọ́. Afárá náà ni, òpó ló gbé e.

Ó ku ọ̀kan tó ń dùn mí: ẹ má túmọ̀ orúkọ ibẹ̀ sí “Ìṣídìí Èṣù”. Devil tí wọ́n fi sọ ibẹ̀ lórúkọ, ìyẹn Sátánì, kì í ṣe Èṣù tiwa, àṣìṣe yẹn sì ti pẹ́ jù nínú ìwé wa. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ Devil's Slide bó ṣe wà.