Fèrèsé orí òrùlé fún ilé wa n'Iléṣà: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin ará. Mò ń tún ilé bàbá wa ṣe n'Iléṣà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àárín ilé, tí àwọn yàrá kọjú síra, ṣókùnkùn biribiri; ọ̀sán gangan la máa ń tan iná níbẹ̀, ìyẹn bí iná bá wà. Ó wù mí kí n fi fèrèsé onígíláàsì ìgbàlódé sórí òrùlé, irú èyí tó ṣeé ṣí kí ooru lè bá ibẹ̀ jáde.

Káfíńtà wa ní páànù oníke tó mọ́ gaara ti tó. Mo rí irú rẹ̀ nílé aládùúgbò: oòrùn ti sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú, ooru abẹ́ rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Wọ́n ní gíláàsì onípele méjì tí wọ́n fi nǹkan ra lójú máa ń dín ooru kù. Ṣé òótọ́ ni?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, òjò ló ń bà mí lẹ́rù jù: kí lẹ fi dí etí rẹ̀ tí kò fi jò? Ṣé apá àríwá òrùlé ló dáa kí n gbé e sí, kí oòrùn ọ̀sán má baà pọ̀ jù? Nígbà ọyẹ́ ńkọ́, ta ló ń gòkè lọ nu eruku? Ìyá mi ní tiwọn ò fẹ́ gbọ́ ọ rárá àfi tí mo bá fi irin sí i nítorí olè.