Bí a ṣe lè ṣe ìkànnì ìlú tí kò ní di ahoro

Akọ̀wé ẹgbẹ́, láti Lyon

Ẹ̀yin ará wa nílé àti lẹ́yìn odi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àwa ọmọ Kétu ti Bẹ̀nẹ̀ tí a wà ní apá ibí yìí fẹ́ ṣe ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì fún ìlú wa, èyí tí yóò sọ ìtàn Kétu, tí yóò máa kéde ọjọ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti ọjọ́ ìpàdé, tí yóò sì jẹ́ kí ẹni tó bá ń bọ̀ wálé láti òkè òkun mọ ẹni tí yóò pè. Èyí tí a ti sanwó fún tẹ́lẹ̀ dára lójú, ṣùgbọ́n ìpàdé tó ti kọjá tipẹ́tipẹ́ ló ṣì ń kéde títí di òní, nítorí pé ẹni tó ṣe é nìkan ló mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tún un ṣe, a kò sì rí i bá sọ̀rọ̀ mọ́. Kí ni kí a béèrè lọ́wọ́ ẹni tí a óò gbé tuntun fún, kí a má baà tún padà sí ibi tí a wà?

Ìdáhùn, láti Àjàṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n akọ̀wé, ẹ kú àníyàn ìlú. Iṣẹ́ ṣíṣe ìkànnì yìí ni mò ń ṣe ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí fún àwọn oníṣòwò, ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn ẹgbẹ́, ohun tí mo sì máa ń kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó bá wá bá mi ni pé kí a pa ọ̀rọ̀ àwọ̀ àti àwòrán tì ná. Ẹ kọ́kọ́ kọ gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ kí ìkànnì náà sọ sílẹ̀, kí ẹ sì ya èyí tí kì í yí padà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ń yí padà. Pé ogun Dahomey fọ́ Kétu ní 1886, ọ̀rọ̀ yẹn ti parí. Pé UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú àkójọ àṣà àjogúnbá ọmọ aráyé ní 2008 lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò, ìyẹn náà kò ní yí padà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ọdún yìí yóò jáde, orúkọ àwọn olóyè ẹgbẹ́, nọ́ńbà fóònù wọn, àti owó ọkọ̀ láti Kútọnu dé Kétu, gbogbo wọn ló ń yí padà. Bí wọ́n bá da méjèèjì pọ̀ sójú ewé kan ṣoṣo, ẹni tó kàn fẹ́ tún ọjọ́ kan kọ yóò ní láti la inú ìtàn ìlú kọjá kó tó débẹ̀, ẹ̀rù pé òun lè ba nǹkan jẹ́ yóò sì mú un, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe fi í sílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ìkànnì ti ń kú.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ nọ́ńbà fóònù nìkan. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, gbogbo nọ́ńbà fóònù ní Bẹ̀nẹ̀ kúrò ní ẹyọ mẹ́jọ, wọ́n di mẹ́wàá. 01 ni a fi ṣíwájú èyí tí oníkálukú ti ní tẹ́lẹ̀. (Ẹ̀yin tí ẹ ń pe ilé láti Faransé náà, ẹ rántí pé lẹ́yìn +229, ẹ óò tẹ 01 kí ẹ tó tẹ ìyókù.) Ìkànnì tí wọ́n fọwọ́ kọ nọ́ńbà sí ìsàlẹ̀ ojú ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ní láti jókòó tì í, kó ṣí gbogbo ojú ewé náà, kó sì tún un kọ níkọ̀ọ̀kan, kò sì sí bí kò ṣe ní fo ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìkànnì tí nọ́ńbà náà wà níbì kan ṣoṣo nínú àká rẹ̀, tí gbogbo ojú ewé kàn ń lọ bù ú níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n tún un kọ, ó sì yí padà níbi gbogbo. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ óò bi ẹni tí ẹ fẹ́ gbé iṣẹ́ fún nìyí: bí nọ́ńbà akápò wa bá yí padà lọ́la, ibi mélòó ni a ti máa tún un kọ? Bí ó bá dáhùn pé ó ju ibì kan lọ, ẹ má tíì san kọ́bọ̀.

Bákan náà ni kí ẹ ṣe sí àjọ̀dún, ìpàdé àti ìkéde ìsìnkú. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ààyè tirẹ̀ fún orúkọ, ọjọ́, aago, ibi tí yóò ti wáyé àti ẹni tí a lè pè. Nígbà tí ọjọ́ bá wà ní ààyè ọjọ́, tí kò fara pamọ́ sínú ìpínrọ̀ kan, ìkànnì náà fúnra rẹ̀ yóò lè mú èyí tó ti kọjá kúrò níwájú lọ sínú àkójọ àtijọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Àwọn ọjà wa tí a ń ná ní ọrọọrún kò tiẹ̀ nílò kí ẹnikẹ́ni máa kọ ọjọ́ wọn, nítorí pé bí a bá ti fún kọ̀ǹpútà ní ọjọ́ ọjà kan ṣoṣo, yóò ka èyí tó kù títí láé.

Ní ti irinṣẹ́ tí a fi ń kọ́ ìkànnì, WordPress, tó ti wà láti 2003, ni màá yàn fún yín, nítorí pé ẹ óò rí ọ̀dọ́ tó mọ̀ ọ́n lò ní Àjàṣẹ́ àti ní Kútọnu bí ẹni àkọ́kọ́ bá lọ. Kí ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n kó plugin, ìyẹn àwọn àfikún kéékèèké tí a ń so mọ́ ọn, jọ sínú rẹ̀, nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ń béèrè ìtọ́jú, èyí tí ẹni tó ṣe é bá sì ti pa tì ni àwọn ọlọ́ṣà orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé. Ọ̀nà kejì ni ti Hugo àti àwọn irú rẹ̀, tó ń sọ fáìlì lásán di ojú ewé. Ó yára, owó tó ń ná ni kéré, ṣùgbọ́n ó gba ẹni tí fáìlì kò ṣàjèjì sí.

Nípa ìdàgbàsókè, ẹ fi ojú ewé díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má sì ṣí èyí tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju “ó ń bọ̀ lọ́nà” lọ. Àdírẹ́sì ojú ewé tí ẹ bá ti fún àwọn ènìyàn, ẹ má yí i padà. Bí ó bá pọn dandan, kí ti àtijọ́ máa darí oníbẹ̀wò lọ sí ti tuntun, èyí tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní 301, nítorí pé líǹkì tí ẹnì kan ti fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kò ṣeé gbà padà.

Láti Ṣábẹ̀ẹ́

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kíkọ Yorùbá kún un, nítorí olùkọ́ ni mí. Àwọn kan nínú wa ní Bẹ̀nẹ̀ ń kọ ɛ, ɔ àti sh, àwọn mìíràn sì ń kọ ẹ, ọ àti ṣ bíi ti Nàìjíríà; nínú àmì tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ èdè, yo-BJ ni ti àkọ́kọ́, yo-NG sì ni ti èkejì. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ sì dúró tì í, ṣùgbọ́n kí àpótí ìwákiri mọ méjèèjì, kó má sì ka àmì ohùn sí, kí ẹni tó tẹ “Ketu” lè rí “Kétu”. Nǹkan kan tún wà tí ojú kò lè rí: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan lè kọ ẹ́ sílẹ̀ bíi e, àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí òmíràn sì kọ ọ́ bíi ẹ pẹ̀lú àmì òkè nìkan. Bákan náà ni wọ́n rí lójú wa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n jẹ́ fún kọ̀ǹpútà. Ẹ sọ fún oníṣẹ́ yín pé kó máa sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá wọlé di NFC, ìyẹn ìlànà tó ń sọ irú ìkọsílẹ̀ méjèèjì yìí di ọ̀kan ṣoṣo, kó tó fi í pamọ́.

Láti Kétu

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo dúpẹ́. Èmi ni wọ́n ní kí n máa tọ́jú ìkànnì náà nílé níbí. Mi ò ní kọ̀ǹpútà, fóònù ni mo ní, dátà tí mo sì ń rà kì í pẹ́ tán bí mo bá ń fi àwòrán Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti ti Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, ránṣẹ́. Ṣé fóònù lè tó iṣẹ́ yìí ṣe? Ọwọ́ ta sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yóò wà?

Ìdáhùn, láti Àjàṣẹ́

Àbúrò mi, fóònù tó o, bí wọ́n bá ṣe ojú ibi tí o ti ń kọ̀wé náà dáadáa, kì í ṣe ojú tí àlejò ń rí nìkan. Àwòrán tí fóònù yà lè tó MB mẹ́rin tàbí márùn-ún. Dín fífẹ̀ rẹ̀ kù sí píksẹ́lì 1600 kó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ, kí ìkànnì sì sọ ọ́ di WebP, irú fáìlì àwòrán tó fúyẹ́, ìwọ̀n rẹ̀ yóò fò wálẹ̀ gan-an, dátà rẹ àti ti ẹni tó ń wò ó yóò sì pẹ́ sí i.

Ní ti kọ́kọ́rọ́, orúkọ ìkànnì gbọ́dọ̀ wà lórúkọ ẹgbẹ́, kó má wà lórúkọ oníṣẹ́, àdírẹ́sì ímeèlì tí ìránnilétí owó ọdọọdún rẹ̀ ń wá sí sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹgbẹ́ pẹ̀lú. Kí ènìyàn méjì ní agbára alábòójútó, ọ̀kan ní Lyon, ọ̀kan ní Kétu, kí oníkálukú sì ní ọ̀rọ̀ ìwọlé tirẹ̀. Kí ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ máa lọ sí ibòmíràn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì gbìyànjú láti dá ọ̀kan padà sípò kí nǹkan tó bàjẹ́, nítorí ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni kò dán wò rí kò ṣeé gbójú lé.

Akọ̀wé ẹgbẹ́, láti Lyon

Ọlọ́run yóò san yín lẹ́san. A óò kọ ìbéèrè nọ́ńbà akápò náà sínú ìwé àdéhùn, a óò sì di apá kan owó iṣẹ́ mú títí àbúrò wa ní Kétu yóò fi gbé ìpàdé tó ń bọ̀ síta fúnra rẹ̀ láti orí fóònù rẹ̀, láìsí pé oníṣẹ́ náà ràn án lọ́wọ́.