Tẹlifíṣọ̀n tí mo ti yọ kúrò lára iná ló gbé mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sọ bí iná ṣe gbé yín lẹ́nu iṣẹ́, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Nyanya ni mo ti ń kọ́ṣẹ́ rédíónìkì nígbà yẹn, ìgbà tó jẹ́ pé tẹlifíṣọ̀n tó ní ìdí gbọọrọ ló wà nílé gbogbo èèyàn. Ìyá kan gbé 21 inches wá láti Mararaba, kò tàn, iná pupa iwájú ẹ̀ gan-an ò wá. Mo tẹ̀ ẹ́ wò, mo yọ ọ́ ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo ṣí ẹ̀yìn ẹ̀, mo wá lọ fi kòsáì mu kókó, mo padà dé mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé páńẹ́ẹ̀lì, pátákó tí wọ́n to iṣẹ́ inú ẹ̀ sí, sókè, àtàǹpàkò mi sì bọ́ sórí ẹsẹ̀ kapásítọ̀ ńlá yẹn, ìyẹn nǹkan tó máa ń tọ́jú iná pamọ́, 400 volt tí wọ́n kọ sí i lára.

Gbàà! Apá mi gan, ohùn ò jáde, ilẹ̀ ni mo bá ara mi. Ojú ibi tó ti jó mi rí tóótòòtó, ó funfun, ó ń rùn bí irun tó jóná.

Ọ̀gá mi ò nà mí. Wọ́n ní èyí tó kọ̀ tí ò tàn yẹn gan-an ni kí n máa bẹ̀rù jù, torí èyí tó ń ṣiṣẹ́, tó o bá pa á, á lo iná tó kù nínú ẹ̀ tán, èyí tó kọ̀, kò sẹ́ni tó máa lò ó, bẹ́ẹ̀ iná 220 tó bá ti gba díódì, tó ń jẹ́ kí iná máa lọ sọ́nà kan ṣoṣo, kọjá á tó bíi 310 nínú kapásítọ̀. Wọ́n mú gílóòbù 100 watts tó ní wáyà méjì, wọ́n fi kan ẹsẹ̀ kapásítọ̀ míì kó lè fa iná inú ẹ̀ tán, ó tàn yẹ̀rì, ó kú. Wọ́n tún fi mítà wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sukurudiráífà kan ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì pọ̀ láti pa iná inú ẹ̀ o, ó máa ń ta iná sójú.

Ẹnì kan dá mi lóhùn pé: Ẹ kú ewu, ẹ̀gbọ́n. Túùbù, ìyẹn gíláàsì ńlá tí àwòrán ń hàn lójú ẹ̀, ló gbé èmi ní Kaduna. Mo ti so wáyà láti ara sukurudiráífà mọ́ ilẹ̀ túùbù, mo ti fi sukurudiráífà náà bọ abẹ́ rọ́bà tó bo ibi tí iná ńlá ti ń wọ túùbù, ó dún tá, mo rò pé ó ti tán. Mi ò mọ̀ pé túùbù máa ń kó díẹ̀ jọ padà, mi ò tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Ó ta mí, kò tiẹ̀ pọ̀, àmọ́ bí mo ṣe fa ọwọ́ lójijì, ìgbọ̀nwọ́ mi gbá ọrùn túùbù, ó kán, mo gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wọlé, ṣììì. Oṣù mẹ́ta ni mo fi san owó ẹ̀ fún Àlàájì tó ni ín.