Mo fẹ́ lọ ya fọ́tò àwọn téṣàn rélùwéè àtijọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì kete, ẹ kú iṣẹ́ o. Adó ni mo wà, fọ́tò ìgbéyàwó àti òkú àgbà ni mo ń yà jẹun, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí kì í ṣe ti ìnáwó. Bàbá àgbà mi ló fà á. Lọ́dún 1957 ni wọ́n gbéra nílé pé àwọn ń lọ ṣiṣẹ́ kùsà ní Jọ́ọ̀sì, rélùwéè ò sì wọ ilẹ̀ Èkìtì rí, ni wọ́n bá wọ lọ́rì dé Òṣogbo, ibẹ̀ ni wọ́n ti bọ́ sínú ọkọ̀ ojú irin, ó di Ìlọrin, ó di Jẹ́bà, Mínnà, Kàdúná, Kafanchan, kí wọ́n tó dé Jọ́ọ̀sì. Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣì wà nínú Bíbélì wọn, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ò gbà padà lọ́wọ́ wọn. Páálí kékeré tó le ni, kò ju àtàǹpàkò méjì lọ, wọ́n ti fi irin já etí ẹ̀ kan jẹ. Tí bàbá bá ti mú un dání, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fàkàfìkì fàkàfìkì lẹ́nu, omi á lé ròrò sójú mi.

Mo wá fẹ́ ya àwọn téṣàn yẹn, Òṣogbo, Ìkìrun, Òfà, pàápàá àwọn ilé òṣìṣẹ́ àti ṣẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti pa tì, kí wọ́n tó wó tán. Mo lọ sí ọ̀kan lóṣù tó kọjá, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Mi ò tíì ya mẹ́wàá tí ọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ fi yọ sí mi, ó gba fóònù, ó pa gbogbo fọ́tò rẹ́, ó tún gba owó kó tó jẹ́ kí n lọ. Mo sunkún dé Iléṣà. Ìyá mi ní kí n má débẹ̀ mọ́ láyé. Ta ló yẹ kí n tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀? Ṣé obìnrin lè dá lọ? Tí mo bá sì yà á tán, ṣé kí n kọ ibi tó wà sábẹ́ ẹ̀?

Ọmọ Ọ̀tún: Àbúrò, pẹ̀lẹ́, ó dùn mí gan-an. Kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbowó lọ́wọ́ ẹ, àmọ́ ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bi ẹ́ ní ohun tó o wá ṣe, torí ilẹ̀ rélùwéè ní ẹni tó ni ín, bí koríko tilẹ̀ bo ó mọ́lẹ̀, ti Nigerian Railway Corporation ni. Àwọn olè tó ń hú irin tà ti ba nǹkan jẹ́, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin báyìí, ojú olè ni wọ́n fi ń wò ó, sífù dìfẹ́ǹsì gan-an ń mú wọn. Kọ lẹ́tà lọ bá téṣàn másítà, jẹ́ kí wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà kan fún ẹ, kó máa wà nínú báàgì ẹ.

Ìyá Ìbejì Ìkẹ́rẹ́: Lẹ́tà dáa, àmọ́ lẹ́tà nìkan ò tó o. Àwọn ìyá tó ń tajà lẹ́bàá téṣàn ni kó o kọ́kọ́ kí, ra ọsàn lọ́wọ́ wọn, jókòó tì wọ́n, wọ́n mọ ibi tí àwọn ọmọ ìta ń kóra jọ sí, wọ́n sì mọ ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́. Má dá lọ o, ọmọ mi. Má lọ lálẹ́. Òótọ́ ni ìyá ẹ sọ.

Bàbá Fẹ̀yìntì: Mo ṣiṣẹ́ nínú rélùwéè fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kó o mọ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo irin tí koríko hù sí ló ti kú, ọkọ̀ ẹrù lè ṣàdédé yọ, nítorí náà má dúró láàárín irin ya fọ́tò, má sì ki nǹkan bọ etí. Ọ̀nà tóóró yìí dé Òṣogbo lọ́dún 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ínṣì mẹ́fà ló wà láàárín irin méjèèjì. Èyí tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021, láti Èkó dé Ìbàdàn, ó fẹ̀ jù ú lọ, ìyẹn ò sì tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Wo ẹ̀gbẹ́ irin dáadáa, wàá rí lẹ́tà tó yọ gọngọ, orúkọ ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́ àti ọdún tí wọ́n rọ ọ́. Fi àkísà nu ìpẹtà orí ẹ̀, fi ẹfun pa á fẹ́ẹ́rẹ́, kó o wá yà á lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn bá ń ti ẹ̀gbẹ́ bọ̀, gbogbo ẹ̀ á yọ síta. Má wọ ṣẹ́ẹ̀dì tí òrùlé ẹ̀ ti ń já, asbestos ni wọ́n fi bo òmíràn nínú wọn, eruku ẹ̀ ń pa ẹ̀dọ̀fóró, ìgbẹ́ àdán náà ò dáa fún imú.

Ayàwòrán Ìyìn: Ẹ ṣé bàbá, ti ẹfun yẹn, mi ò gbọ́ ọ rí! Àbúrò, inú ilé yẹn á ṣókùnkùn, gbé fóònù lé nǹkan kó má mì, dín ìmọ́lẹ̀ kù kí ojú fèrèsé má baà funfun kọjá ààlà. Ya fèrèsé tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ya ibi tí ọwọ́ àwọn èèyàn ti jẹ pákó wọnú. Tó o bá dé Èkó, yà sí Jaekel House, ilé àtijọ́ àwọn rélùwéè tí wọ́n sọ di mùsíọ́mù ní Ebute Metta, 1898 ni wọ́n kọ́ ọ, fọ́tò àtijọ́ wà níbẹ̀ tó o lè fi wé tìẹ. Ní ti ibi tó wà, orúkọ ìlú nìkan ni kó o kọ.

Ọmọ Ọ̀tún: Mo fara mọ́ ọn. Àwọn olè irin náà ń ka ohun tá à ń kọ.

Ìyá Ìbejì Ìkẹ́rẹ́: Bàbá àgbà ẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì lè wọ mọ́tò? Mú wọn dání. Kò sẹ́ni tó máa lé arúgbó tó mú tíkẹ́ẹ̀tì 1957 lọ́wọ́.

Ẹni tó béèrè: Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣé, Olúwa á dá yín sí. Mo ti kọ lẹ́tà náà lálẹ́ àná, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa wa ọkọ̀, a máa gba Àrámọkọ àti Ìtàwúrẹ́. Ẹsẹ̀ ń dun bàbá àmọ́ wọ́n ní àwọn ń lọ, wọ́n ti ní kí n bá àwọn wá fìlà wọn. Bàbá Fẹ̀yìntì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹfun ọjà lásán náà ni àbí èyí tí wọ́n fi ń kọ nǹkan sójú pátákó?

Bàbá Fẹ̀yìntì: Èyíkéyìí nínú méjèèjì. Mú omi dání kó o fi ṣàn án nù tó o bá yà á tán.