Kókó inú etí tí dókítà ní ká máa ṣọ́: ẹni tó bá ti rìn ín rí, ẹ jọ̀ọ́

Àbúrò láti Leeds:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n sọ fún mi pé kókó kan tí wọ́n ń pè ní acoustic neuroma wà lórí iṣan etí òsì mi, mílímítà 7. Wọ́n ní kì í ṣe jẹjẹrẹ, pé kí n padà wá ya àwòrán MRI lẹ́yìn oṣù 6. Ọmọ ọdún 34 ni mí. Láti ọjọ́ náà, oorun ò kun ojú mi. Ṣé bí wọ́n ṣe máa ń fi kókó sílẹ̀ lórí èèyàn nìyí?

Ìyá Ìbejì, Manchester:
Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Èmi náà ní in, ti etí ọ̀tún. Ọdún keje rèé tí wọ́n ti ń ṣọ́ ọ. Mílímítà 8 ni wọ́n bá a; lọ́dún yìí, 9 ni. Kókó yìí máa ń lọ́ra. Èyí tó bá ń dàgbà nínú wọn kì í sábà ju mílímítà 1 sí 2 lọ lọ́dún, ọ̀pọ̀ ló sì máa ń wà lójú kan fún ọdún púpọ̀. Iṣan etí àti iṣan tó ń gbé ojú jọ ń gba ihò tóóró kan náà kọjá nínú egungun ni, ọ̀bẹ tó bá lọ bá ọ̀kan lè ṣe èkejì léṣe. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í kánjú. Bó bá wá ń dàgbà, ìtànṣán wà, iṣẹ́ abẹ náà wà. Sheffield tó wà nítòsí ẹ níbẹ̀ ti ní ẹ̀rọ ìtànṣán tí wọ́n ń pè ní Gamma Knife láti 1985.

Fóònù ni mo fi kọ́kọ́ mọ̀. Bí mo bá gbé e sétí ọ̀tún, àfi bíi pé inú ìkòkò ni màmá mi ti ń sọ̀rọ̀ láti Ìbàdàn. Bí mo bá gbé e sósì, ohùn wọn á já gaara. Níbi tí mo kọ́kọ́ lọ, wọ́n ní ìdọ̀tí etí ni. Ó lé lọ́dún kan kí ẹnì kan tó ní kí n lọ ya MRI. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, bí etí kan ṣoṣo bá ń kú lọ, tàbí tó ń hó ṣáá, ẹ má gbà kí wọ́n fi ìdọ̀tí etí dá yín padà lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìkíni. Màmá àgbà kan kí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì láti apá ọ̀tún, mi ò gbọ́, mo bá kọjá lọ. Kí n tó délé, ọ̀rọ̀ ti délé: Ìyá Ìbejì ti ń gbéraga, kì í dá àgbà lóhùn mọ́. Ìwọ náà mọ ohun tí wọ́n ń pe ọmọ Yorùbá tí wọ́n kí tí kò jẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún èèyàn. Odindi oṣù mẹ́rin, mi ò lọ òde kankan. Lọ́jọ́ kan mo lọ kúnlẹ̀ fún màmá náà, mo mú ọwọ́ wọn, mo fi kan etí mi: “Ẹ̀yin Mà, èyí ò gbọ́ mọ́.” Omi bọ́ lójú wọn. Láti ìgbà náà, àwọn ló máa ń fa aṣọ mi bí ẹnì kan bá ń kí mi. Àbúrò mi, sọ ọ́. Sọ ọ́ níbi iṣẹ́, sọ ọ́ nílé, kó tó di pé wọ́n bá ẹ fún un lórúkọ.

Bí mo bá lọ òde, mo máa ń tètè dé kí n lè mú àga. Etí tó kú ni mo ń kọ sí sípíkà, èyí tó dára ni mo ń kọ sí àwọn tá a jọ jókòó. Bí orin bá ti lọ sókè jù, mo máa ń fi rọ́bà dí èyí tó dára, torí òun nìkan ló kù. Lójú títì, etí kan kì í jẹ́ kéèyàn mọ ibi tí mọ́tò ti ń bọ̀. Ojú ni mo fi ń gbọ́ báyìí. Bi wọ́n léèrè ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ tí wọ́n ń pè ní CROS: ó máa ń gba ohùn ní apá tó kú, á sì gbé e lọ sí apá tó yè. NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, ló fún mi ní tèmi, mi ò san kọ́bọ̀.

Nọ́ọ̀sì kan, Birmingham:
Ẹ̀yin obìnrin, kẹ́ ẹ tó wọ MRI, ẹ ṣí wíìgì tó ní kílíìpù irin, ẹ bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ìdí tó ní ìkọ́ irin. Ẹ di ojú yín kí wọ́n tó tì yín wọlé, ẹ má là á títí wọ́n á fi fà yín jáde. Ọ̀pọ̀ tí inú ihò ẹ̀rọ náà ń bà lẹ́rù ló fi ìyẹn là á já. Ẹ sì ní kí wọ́n fi àwòrán tuntun wé ti àkọ́kọ́, kó má jẹ́ ti ọdún tó kọjá nìkan, torí ohun tó ń rọra dàgbà lè máà hàn láàárín ọdún kan. Bí etí bá ṣàdédé di lójijì, ẹ má dúró de ọjọ́ àdéhùn, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ pè. Bákan náà ni bí ojú bá ń kú tipiri tàbí bí ìrìn bá yí padà.

Bàbá kan, Houston:
Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, kí ìnṣọ́ránsì kọ́kọ́ fọwọ́ sí MRI náà kẹ́ ẹ tó lọ. Ibi tí wọ́n ti ń ya àwòrán nìkan sábà máa ń dínwó ju ọsibítù lọ. Ẹni tó bá ń kó kúrò ní ìlú kan lọ sí òmíràn, kó gba àwòrán náà fúnra rẹ̀, kó má gba ìwé àbájáde nìkan.

Àbúrò láti Leeds:
Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Màmá mi ti ń wá ẹni tó máa gbé àgbo wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Mọ́tò wíwa ńkọ́? Òòyì náà sì máa ń kọ́ mi díẹ̀díẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Manchester:
Má bá màmá ẹ jà. Má pe “tumour” fún wọn lórí fóònù, jẹjẹrẹ ni wọ́n á gbọ́. Ohun tí mo sọ fún tèmi ni pé kókó kan so mọ́ iṣan etí mi, bíi kókó ara igi, pé kì í jẹ ẹran ara, kì í sì í ràn káàkiri. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n gbàdúrà, ó parí. Ti àgbo, oògùn tí wọ́n máa ń fà sí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún MRI, kíndìnrín ló ń gbé e jáde. Má kó ohun tí o ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lé e lórí. Bí òòyì bá ń ṣàdédé kọ́ ẹ, má wa mọ́tò, kí o sì sọ fún DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń fúnni ní ìwé ìwakọ̀, òfin ni.

Òòyì náà ní ìdárayá tiẹ̀. Na apá, gbé àtàǹpàkò sókè, tẹjú mọ́ èékánná rẹ̀, kí o wá máa yí orí sọ́tùn-ún sósì láì mójú kúrò. Ní kí físíò, ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara, kọ́kọ́ fi hàn ẹ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ńṣe ni òòyì tèmi pọ̀ sí i, mo fẹ́ẹ̀ fi í sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo ti ń gun àtẹ̀gùn láì di ibì kankan mú. Fi iná kékeré sílẹ̀ lọ́nà ilé ìwẹ̀ lóru, má sì dá lúwẹ̀ẹ́ nínú odò.

Mò ń bọ̀ ní Leeds lọ́jọ́ Sátidé fún ìsọmọlórúkọ. Fi nọ́ńbà ẹ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀. Bí o bá dé, wá jókòó sí ọwọ́ òsì mi. Etí méjèèjì tó dára á kọjú síra wọn.